Ọkọ̀ Tí Wọ́n Jó Pọ̀

Kí mẹ́káníìkì náà tó yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀ ni àwọn ará ilé ti mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ kò dára. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni wọ́n ń rí lórí páálí tó tẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń fi òòlù kan irin níbì kan, tó ń dákẹ́, tó tún ń kàn án níbòmíràn. Síkírù tó ni ọkọ̀ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Làbákẹ́, ìyàwó rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́. Ìdíátù, ọmọ wọn, ń béèrè pé àkàrà dà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà hàn. Lálẹ́ àná, Síkírù kó èrò láti Yaba bọ̀ wá sí Múṣin, ó já sí kòtò kan, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ṣí fúnra rẹ̀. Ó tì í títí, kò pa dé mọ́. Okùn ló fi so ó kó tó délé.

Ògúntádé mẹ́káníìkì jáde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn.

“Bàbá Ìdíátù, ta ló ta ọkọ̀ yìí fún yín?”

“Alájì Yẹ̀kínnì ni.”

“Ọkọ̀ méjì ni. Wọ́n gé iwájú ọ̀kan, wọ́n gé ẹ̀yìn èkejì, wọ́n wá jó wọn pọ̀ lábẹ́ ibi tí èrò ń jókòó sí. Wọ́n fi pọ́tì dí ojú rẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà dúdú. Kòtò àná ló là á. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya.”

“Ṣé ó ṣeé tún ṣe?”

“Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n a máa tú gbogbo abẹ́ rẹ̀ ni, a ó sì fi irin tuntun sí i. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ iye tó máa ná yín. Èyí tí mo lè sọ ni pé kí ẹ má kó èèyàn rìn jìnnà nínú rẹ̀. Tó bá yọ lórí eré, iwájú á máa lọ, ẹ̀yìn á dúró.”

Síkírù dìde, ó tún lóṣòó. Ọkọ̀ náà kò tíì lo oṣù kan lọ́wọ́ wọn. Owó tí ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú fún un nígbà tí wọ́n dá a dúró ló wà nínú rẹ̀, òun àti gbogbo aṣọ ọmọdé tí Làbákẹ́ ń tà ní Tejuoso. Làbákẹ́ ti ta ọjà náà lápapọ̀ fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú èrò pé tí kabúkabú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé, òun á padà sí àyè òun.

Ní ojúlé náà, yàrá kọjú sí yàrá, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbì kan tí ibòmíràn kò ní gbọ́. Lateefat, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ní òun ti sọ láti ìjọ́un pé ọkọ̀ yẹn ń dún bí agolo. Ọkùnrin kan tó ń fọ eyín lẹ́nu kànga ní, kí lẹni tó ra àlòkù ń retí.

“Ẹni tó mọ̀ tó sì tà á ńkọ́?” ni Lateefat bi í.

“Ọjà ló ń tà. Ìwọ náà, ṣé o máa ń sọ fún oníbàárà pé tòmátì ìsàlẹ̀ ti rọ̀ ni?”

Lateefat gbé korobá omi rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ambrose jáde láti yàrá iwájú, ó ti wọ bàtà tó ń dán. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Yaba, òun ni gbogbo ilé máa ń bá sọ̀rọ̀ tí nǹkan bá ti kan ìjọba. Síkírù dá a dúró, ó ro ẹjọ́ náà fún un. Ambrose wo aago ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

“Bàbá Ìdíátù, òfin ọkọ̀ àlòkù kò rí bíi ti tuntun,” ló wí. “Ẹni tó bá rà á ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ojú yín lè rí tí ẹ ò wò, ọrùn yín ló wà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, tí ẹ bèèrè, tí ẹni tó tà á sì mọ̀, tó wá parọ́ fún yín, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ lè pè é lẹ́jọ́ lórí ìyẹn. Wọ́n lè ní kó gba ọkọ̀ rẹ̀ padà, tàbí kó san owó àtúnṣe.”

“Mo bèèrè. Mo ní ṣé kò ní àsìdẹ́ǹtì rí. Ó ní rárá, ó tún fi Ọlọ́run búra.”

“Ta ló gbọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Òun ló mú mi débẹ̀. Àárín àwa méjèèjì ló dúró sí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un dání lọ bá Alájì, ẹ má bá a jà. Tó bá rí i pé ẹ ní ẹlẹ́rìí, á rọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí Síkírù lè mu ògì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àkàngbé ni ẹ̀gbọ́n Làbákẹ́. Rédíò ló ń tún ṣe ní òpópónà kejì sí tiwọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ wà nílẹ̀. Làbákẹ́ ní àwọn á dúró dè é. Ó rí i pé wọn kò ní lọ, ló bá wọ bùbá, ó tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ló ń wọ́ bọ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Ṣọ́ọ̀bù Alájì Yẹ̀kínnì wà létí títì Agége, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tò síwájú rẹ̀. Alájì kí wọn dáadáa. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó rán ẹnì kan lọ ra mínírà wá fún wọn, ó béèrè àlàáfíà Ìdíátù. Síkírù sọ ohun tí mẹ́káníìkì rí. Alájì kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Ó mà ṣe o,” ló wí nígbà tí Síkírù parí. “Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé mo fipá mú ọ rà á?”

“Rárá, Alájì.”

“Ṣé mi ò ní kí o wà á wò?”

“Ẹ ní kí n wà á.”

“O wà á dé Ojúẹlẹ́gba, o wà á padà, o ní o fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti di tìrẹ. Ọkọ̀ tí mo ti tà ní àdúgbò yìí kò níye. Tí mo bá ní kí n máa tún gbogbo wọn ṣe, kí ni èmi àti àwọn ọmọ mi á máa jẹ?”

“Mo bi yín bóyá ó ní àsìdẹ́ǹtì rí. Ẹ ní kò ní. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀.”

Alájì kò bínú. Ó kàn yí ojú sí Àkàngbé bí ẹni tó fẹ́ bèèrè aago mélòó ló lù.

“Àkàngbé, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?”

Àkàngbé ń wo ìgò mínírà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú títì, òmíràn tẹ̀lé e.

“Ariwo mọ́tò pọ̀ lọ́jọ́ náà,” ló wí níkẹyìn. “Mi ò lè sọ pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan báyìí.”

Síkírù gbé ìgò tirẹ̀ sílẹ̀ láìfẹnu kàn án. Kò bẹ Alájì, kò sì bú u. Ó dúpẹ́ mínírà, ó jáde.

Wọ́n kò tíì rìn jìnnà tí Làbákẹ́ fi dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí gọ́tà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ọ.”

“Làbákẹ́, rọra sọ̀rọ̀, títì la wà.”

“Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ti ibẹ̀ dé, orí bẹ́ǹṣì mi lẹ jókòó sí. Ẹ ní kí n má fòyà, pé Alájì búra lójú yín pé ọkọ̀ náà kò fara kan nǹkan rí. Torí ọ̀rọ̀ tó tẹnu yín jáde ni mo ṣe ta ọjà mi.”

Àkàngbé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ó fún mi ní kọ́míṣọ̀n. Mo ti fi sanwó iléèwé. Tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, á ní kí n dá a padà, kò sì ní fún mi níṣẹ́ mọ́. Ta ló tún ń tún rédíò ṣe báyìí? Kí lo fẹ́ kí n fi bọ́ ọmọ mẹ́fà?”

“Ìdíátù náà, ọmọ ni.”

Àkàngbé yí ojú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ Síkírù.

“Àna mi, ẹ gbọ́. Mo mọ tọkọtaya kan tó ń wá ọkọ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, owó wà nílẹ̀, ọkọ náà kò sì mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Tí ẹ bá lè jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn pa dé, mo lè mú wọn wá nírọ̀lẹ́ yìí.”

Làbákẹ́ ń retí kí ọkọ rẹ̀ bú u. Ó ń retí rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìkóríta. Ibẹ̀ ni Síkírù ti sọ̀rọ̀.

“Ẹ mú wọn wá.”

Gàrí ni wọ́n mu lọ́sàn-án, kò sí ẹ̀pà, kò sí ẹja. Ìdíátù mu tirẹ̀ tán, ó sá lọ ṣeré. Làbákẹ́ da omi sí tirẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń wú nínú abọ́.

“Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?” ló bi ọkọ rẹ̀.

“Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà.”

“Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, Bàbá Ìdíátù.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká gbé Alájì lọ sí kóòtù.”

“Ta ló máa jẹ́rìí? Ẹ̀gbọ́n rẹ?” Kò pariwo. Ìbá sàn fún Làbákẹ́ ká ní ó pariwo. “Lọ́yà kò ní ṣí ìwé kan láìgbowó. Adájọ́ á ní ká lọ ká bọ̀, ọdún á yí, ọkọ̀ á máa dípẹtà lójúde. Obìnrin mìíràn ti ń tẹ́ ọjà sí àyè rẹ ní Tejuoso. Ṣé kí n jókòó sílé kí n máa wò ọ́ bó o ṣe ń kiri?”

Làbákẹ́ ti abọ́ gàrí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé apá kan nínú ọkàn rẹ̀ ti ń ka owó náà, ó ti ń ra aṣọ, ó ti ń tẹ́ ẹ.

Ògúntádé padà wá pẹ̀lú ẹnì kan tó ń jó irin. Ó bèèrè lọ́wọ́ Síkírù ní gbangba, níwájú ilé, pé ṣé kí àwọn jó o kó lágbára, àbí kó ṣáà pa dé.

“Kó pa dé,” ni Síkírù wí.

Ògúntádé wò ó díẹ̀. Wọ́n jó o, wọ́n fi pọ́tì sí i, wọ́n kùn ún. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn náà ń pa dé wẹ́rẹ́, bíi ti ọkọ̀ tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Lẹ́yìn ìrun aláásàrì nírọ̀lẹ́ ni Àkàngbé mú àwọn olùrà dé. Oyèníran ni orúkọ ọkùnrin náà, onírẹ̀lẹ̀ èèyàn, ó dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo àgbà tó wà lójúde. Àrínọlá ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ, òórùn ẹja gbígbẹ wà lára rẹ̀. Ó ní Ọ̀yìngbò lòun ti ń tajà, ẹnì kan ló ń bá òun wo àtẹ, òun kò lè pẹ́. Ó ní ìyá ọkọ òun ni àwọn fẹ́ lọ gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ara màmá kò yá, àwọn ọkọ̀ èrò kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń kánjú. Ìdájí ọ̀la ni ọkọ òun máa gbéra.

Làbákẹ́ gbọ́ ọ. Síkírù náà gbọ́ ọ.

Oyèníran yí ọkọ̀ náà po. Ó tẹ táyà wò, ó ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó tì í padà. Ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ dé abẹ́. Aṣọ funfun ló wọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ló sọ fún Síkírù, “ṣé kò forí sọ nǹkan kan rí?”

“Láti ọjọ́ tó ti wà lọ́wọ́ mi,” ni Síkírù fèsì, “kò forí sọ nǹkan kan.”

Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, àfi tọkọtaya náà. Lateefat, tó ń kó aṣọ lórí okùn, kó o tán kíákíá, ó wọlé, ó sì ti fèrèsé rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fọ eyín láàárọ̀ ń wo ilẹ̀. Ambrose ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Oyèníran rí i pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó rẹ́rìn-ín sí i.

“Ẹ bá wa dá sí i, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ṣé ká rà á?”

Ambrose wo Síkírù. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn Àrínọlá.

“Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa,” ló wí, ó sì kọjá sínú yàrá rẹ̀.

Wọ́n sanwó. Àkàngbé gba kọ́míṣọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà àti lọ́wọ́ ẹni tó rà. Kí Àrínọlá tó wọ ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Làbákẹ́, ó dúpẹ́ omi tó fún un mu. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Làbákẹ́ ṣe àmín. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ọkọ̀ náà gbéra, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò mì.

Síkírù ka owó díẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó ní kó ra ẹran, kó ra ìrẹsì, kí Ìdíátù jẹun dáadáa lónìí. Làbákẹ́ gba owó náà, ó gbé agbọ̀n ọjà, ó jáde. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran, ó dúró. Ẹlẹ́ran bi í pé èló ni kí òun gé. Kò gbọ́ ọ. Ó kọjá, ó rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò, ó sì wọ èyí tó ń lọ sí Ọ̀yìngbò.

Ọjà ti ń tú nígbà tó débẹ̀. Ó ń bèèrè láàárín àwọn ẹlẹ́ja pé níbo ni Àrínọlá ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà, wọ́n ń nawọ́, ó ń lọ. Ó bá a níbi tó ti ń to ẹja tó kù sínú apẹ̀rẹ̀, nítòsí ojú irin. Ọmọ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀. Inú Àrínọlá dùn láti rí i, ó rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀ ni.

“Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọkọ mi ti gbé ọkọ̀ lọ, ó ní òun fẹ́ ra epo sí i de ìdájí.”

“Ẹ ní kó má gbé e lọ,” ni Làbákẹ́ wí.

“Kí ló dé?”

“Ọkọ̀ méjì ni wọ́n jó pọ̀. Àárín rẹ̀ ti ya. Ọ̀sán òní la fi pọ́tì bò ó. Mẹ́káníìkì ní kí a má fi rin ọ̀nà jíjìn, pé ó lè já sí méjì lórí eré.”

Àrínọlá padà sídìí ẹja rẹ̀. Ó mú ẹja kan, ó fi sínú apẹ̀rẹ̀, ó tún mú un jáde.

“Ṣé ọkọ yín ló rán yín wá?”

“Rárá. Kò mọ̀ pé mo wá.”

“Ṣé owó wa lẹ mú wá?”

“Ọwọ́ rẹ̀ lowó wà. Mi ò rò pé ó máa dá a padà.”

“Kí lẹ wá wá bá mi sọ nígbà náà?” Ohùn rẹ̀ kò le. Bí ẹni tó rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. “Ẹ jókòó níwájú mi, ẹ fún mi lómi mu. Mo sọ fún yín pé ìyá arúgbó la fẹ́ gbé. Ẹ ṣe àmín sí àdúrà mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Reluwé kan ń bọ̀, àwọn tó wà lójú irin ń kó ẹrù wọn kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n dúró títí ó fi kọjá. Nígbà tí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, Àrínọlá ti so ẹnu apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

“Ọkọ mi kò ní gbà bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Á pe ọkọ yín lẹ́jọ́. Tí wọ́n bá ní kó mú ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá, ṣé ẹ ó wá dúró níbẹ̀ kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi yìí?”

Làbákẹ́ ronú kan Síkírù, tó ń retí ẹran. Ó ronú kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìgò mínírà tó ń wò. Ó rí i pé bí òun bá ní ariwo pọ̀, pé òun kò gbọ́ nǹkan kan, kò sí ẹni tó máa yà lẹ́nu ní ojúlé wọn.

“Màá sọ ọ́.”

“Mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ yín.”

“Làbákẹ́ ni mí. Tí ẹ bá dé àdúgbò, Ìyá Ìdíátù ni kí ẹ bèèrè.”

Àrínọlá kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, Làbákẹ́ sì bá a gbé e ru, ó rọra ṣe é kó má baà ji ọmọ. Ó dúró wò ó títí ó fi wọ àárín èrò. Lẹ́yìn náà ló padà síbi tí àwọn bọ́ọ̀sì wà, pẹ̀lú agbọ̀n tó ṣófo. Èyí tó kọ́kọ́ dé ń lọ sí Múṣin, àyè sì wà nínú rẹ̀. Ó jẹ́ kó lọ, torí kò tíì mọ ohun tó máa sọ fún Síkírù.